Bọ́ńgálò àtijọ́ wa ní Garki: ṣé a lè wó o ká fi kọ́ fúláàtì àti ṣọ́ọ̀bù? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Garki
Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará wa tó wà l'Abuja. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bèèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sú yín torí ó gùn díẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi ṣe, ìgbà tí ìjọba kúrò l'Èkó ní 1991 la bá wọn wá síbí, ilé ìjọba ni wọ́n fún wa ní Garki, nígbà tó wá di 2005 tí wọ́n ní àwọn ń ta àwọn ilé yẹn, tí wọ́n ní ẹni tó ń gbé inú ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rà á, a yá owó ní báńkì, a ra tiwa. Bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta ni, BQ (ilé kékeré ti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀) wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀ gan-an, ó lé ní 900 sikúwéà mítà, igi máńgòrò àti koríko ló gba ìdajì ẹ̀. Dádì wọn ti kú, ó pé ọdún mẹ́rin báyìí. Àwọn ọmọ wá ní ilẹ̀ yẹn kàn wà lásán ni, ká wó ilé náà ká kọ́ fúláàtì mẹ́jọ, ká ṣe ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ lápá títì. Ajẹ́ǹtì kan ti wá bá wa, ó ní òun á bá wa gba ìfọwọ́sí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ká ṣáà gbé owó wá. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Bàbá Kúbwà
Màmá, ẹ má fún ajẹ́ǹtì yẹn ní kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Ẹ dúró kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáhùn.

Plánà Ọmọ Kàbà
Mummy Ìbejì, ẹ kú ìrójú o, Ọlọ́run á tẹ́ Dádì sí afẹ́fẹ́ rere. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ plánì ìlú kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Abuja, ó wà nínú ìwé òfin 1999, ẹsẹ 297. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ yẹn fún iye ọdún kan ni wọ́n fún yín, àti fún iṣẹ́ kan pàtó. Iṣẹ́ pàtó yẹn, inú C of O, ìwé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí ìjọba fún yín, ló wà, purpose clause là ń pè é. Ẹ mú ìwé yẹn jáde lónìí, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ residential ni, ibùgbé nìyẹn. Ilé ìwòsàn ò sí níbẹ̀, ilé ìwé ò sí níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ò sí níbẹ̀, bó ti wù kí àwọn aládùúgbò yín ti ń ṣe é tó.

Ohun tó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ọ̀rọ̀ fúláàtì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ibùgbé náà ni fúláàtì. Kò kúrò nínú iṣẹ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ilẹ̀ ṣe, àfi pé èèyàn tó máa gbé ibẹ̀ á pọ̀ sí i, nítorí náà wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá plánì àdúgbò yín gba iye ilé bẹ́ẹ̀ lórí plọ́ọ̀tì kan, ìwọ̀n ilẹ̀ tí ilé lè bò mọ́lẹ̀, àjà mélòó ló lè ga dé, àyè tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, àti ibi tí mọ́tò máa dúró sí. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ bá fi ẹyọ kan péré síbẹ̀, ẹ ti ń bèèrè kí wọ́n yí iṣẹ́ ilẹ̀ padà, ọ̀nà ẹ̀ gùn, owó ẹ̀ yàtọ̀, ọ́fíìsì tó ń ṣe é náà yàtọ̀. Mo ti rí ìdílé tí fúláàtì wọn ì bá ti kọjá wẹ́rẹ́, ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n yà sí iwájú plánì ló mú kí fáìlì wọn jókòó sójú kan.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe search lórí fáìlì yín, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ tiwọn, torí nígbà míì ohun tó wà lọ́wọ́ yín àti ohun tó wà lọ́dọ̀ wọn kì í bára mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí ẹ̀ka Urban and Regional Planning ti FCDA, àjọ ìjọba tó ń kọ́ ìlú Abuja, àwọn ló ni plánì àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ bèèrè ohun tí plánì Garki sọ nípa plọ́ọ̀tì yín gan-an (A01 ni Garki I, ẹ máa rí i lára nọ́mbà plọ́ọ̀tì lórí ìwé yín, A02 ni Wuse I, A05 ni Maitama). Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yí iṣẹ́ ilẹ̀ padà, àwọn ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e lọ sókè sọ́dọ̀ mínísítà FCT. Tó bá gbà, ẹ̀ka ilẹ̀ á tún ìwé yín ṣe. Ìgbà yẹn ni Development Control, ẹ̀ka tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yẹ dírọ́ìn yín wò. Ẹni tó bá ní òun á bẹ̀rẹ̀ láti ìparí, ẹ sá fún un.

Lọ́yà Jabi
Gbogbo ohun tí Dádì Plánà sọ dáa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣíwájú gbogbo ẹ̀. Mummy, orúkọ ta ló wà lórí C of O yẹn?

Ìyá Ìbejì Garki
Orúkọ Dádì wọn ni. A ò tíì yí i padà.

Lọ́yà Jabi
Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ, Ma. Ẹni tó ti kú ò lè kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n yí iṣẹ́ ilẹ̀ òun padà, kò sì lè fọwọ́ sí dírọ́ìn. Tí Dádì bá kọ ìwé ìhágún, ẹ mú un wá. Tí kò bá kọ ọ́, ẹ lọ gba letters of administration, ìwé tí kọ́ọ̀tù fi ń fún ìdílé láṣẹ lórí ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, ní ẹ̀ka probate ti High Court FCT, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ fi yí orúkọ ibẹ̀ padà sí ti ẹ̀yin àti àwọn ọmọ. Gbogbo àwọn ọmọ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i o, títí kan èyí tó bá wà lókè òkun, torí mo ti bá ẹjọ́ kan pàdé níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé dé àjà kejì tán kí ọmọ kan tó yọjú tó sì lọ gba ìwé kọ́ọ̀tù tó dá gbogbo iṣẹ́ dúró, síméǹtì tí wọ́n kó sílẹ̀ di òkúta nínú àpò.

Ìkejì ni ground rent, owó ilẹ̀ tí à ń san fún ìjọba lọ́dọọdún. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní lọ́dọọdún ló di gbèsè, yálà wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí yín àbí wọn ò fi ránṣẹ́. Ẹ rántí oṣù kẹta 2025, plọ́ọ̀tì 4,794 ni wọ́n ní àwọn gba ẹ̀tọ́ orí ẹ̀ padà torí gbèsè yìí, Garki wà níbẹ̀, Wuse wà níbẹ̀, Maitama àti Asokoro náà wà níbẹ̀, àwọn míì ò tíì san án láti ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ìgbà tí wọ́n wá fún wọn láàyè láti san án, owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta náírà ni wọ́n lé e lórí, gẹ́gẹ́ bí àdúgbò bá ṣe rí. Gbèsè kékeré ni ti ọ̀pọ̀ wọn kó tó dà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá rìsíìtì yín, Ma.

Alhaja Wuse
Mo fẹ́ sọ tèmi kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni mo ní ní Wuse, mo fẹ́ fi ṣe ilé oúnjẹ. Ẹnìkan tí wọ́n mú wá bá mi gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì mú ìwé wá, sítáǹpù wà lórí ẹ̀, ìbuwọ́lù wà lórí ẹ̀, mo fi férémù sí i mo gbé e kọ́ ògiri. Mo wó ògiri pálọ̀, mo ra fìríísà mẹ́ta, mo gba òṣìṣẹ́ mọ́kànlá. Ó di àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, mo débẹ̀ mo rí ọ̀dà pupa lára fẹ́ǹsì mi, X gbàgàdà, àmì pé wọ́n fẹ́ wó o, déètì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ọ̀dà yẹn ò tíì gbẹ, ó ń ṣàn wálẹ̀ sórí òdòdó tí mo gbìn. Mo sáré mú ìwé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ tẹ nọ́mbà ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó yí ojú ẹ̀ sí mi kí n wò ó fúnra mi. Fáìlì tó ní nọ́mbà yẹn, ti plọ́ọ̀tì ẹlòmíì ni, kò tiẹ̀ sí ní Wuse.

Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi ò gbé fóònù mọ́ láti ọjọ́ náà. Nítorí náà ẹ̀yin ìyá mi, ìwé yòówù kí wọ́n mú wá fún yín, ẹ fẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ síbi tó ti jáde kẹ́ ẹ tó fi òòlù kan ògiri.

Tósìn ará Lugbe
Ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Èmi ń gbé Lugbe, mo ń ṣiṣẹ́ ní Central Area, aago márùn-ún àárọ̀ ni mò ń jí, torí rẹ́ǹtì inú ìlú ò ṣe é fọwọ́ kàn. Àárín Garki àti Wuse yìí kan náà ni bọ́ńgálò ti ń jókòó lórí ilẹ̀ tó lè gba ìdílé mẹ́jọ, ilé tí wọn ò kọ́ parí láti ọdún gbọọrọ pọ̀ nínú ìlú, igi ń hù nínú ẹ̀. Kí ló dé tí òfin á fi máa dá ẹni tó fẹ́ kọ́lé fún èèyàn dúró? Títì wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀.

Ẹnjiníà Omi
Tósìn, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ hàn ọ́. Àwọn àdúgbò ìpele kìíní, Garki, Wuse, Maitama, Asokoro, páìpù ńlá ló ń kó omi ìdọ̀tí inú ilé wọn lọ sí Wupa, lẹ́bàá Idu lọ́hùn-ún, kì í ṣe sọ̀kúwé bíi ti Kubwa tàbí Lugbe. Ìgbà tí wọ́n ri páìpù àdúgbò yẹn mọ́lẹ̀, iye èèyàn tó máa gbé títì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wọn fífẹ̀ ẹ̀. Ilé kan, ìdílé kan, bóyá èèyàn márùn-ún. Tó bá di fúláàtì mẹ́jọ, ogójì èèyàn nìyẹn, tí ilé mẹ́rin bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí títì kan náà láìsí ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ páìpù, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Mo ti dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Àdúgbò kan nínú ìlú, ọjọ́ kejì tí òjò ńlá rọ̀, ìdérí màńhóòlù, irin tó wúwo tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń gbé e, omi ti gbé e dìde ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń mì gbọ̀ngbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tó ń hó, omi dúdú ń yọ lábẹ́ ẹ̀ wọ ilé ìyá àgbà kan tí kò kọ́ nǹkan kan, tí kò wó nǹkan kan. Ilé ẹ̀ ló kàn wà ní ìsàlẹ̀ títì. Títí dòní tí mo bá rí dírọ́ìn fúláàtì, ibi tí omi ẹ̀ ń lọ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Mummy Ìbejì, ẹ sọ fún àkítẹ́ẹ̀tì yín kó ya ọ̀nà omi òjò àti ọ̀nà omi ìdọ̀tí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì fi ibi tó máa so páìpù mọ́ ti ìjọba hàn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ló ń mu òjò.

Plánà Ọmọ Kàbà
Ẹnjiníà ti bá mi sọ ìdajì ẹ̀. Tósìn ọmọ mi, ìlú yìí ní plánì ńlá, 1979 ni wọ́n parí ẹ̀, iye èèyàn tó máa gbé ìlú náà wà nínú ẹ̀, bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n sọ pé kó dúró sí. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín àdúgbò sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ní ibí á jẹ́ ibùgbé, ibí á jẹ́ ọjà, ibí á jẹ́ ilé ìwé, ibí á jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́.

Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú ẹ pé plánì tó ti lé ní ogójì ọdún gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe, mo sì ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Inú ìlú ló yẹ ká ti jẹ́ kí ilé ga díẹ̀ sí i, pàápàá lẹ́bàá ojú irin inú ìlú tí wọ́n ṣí ní 2018 tí wọ́n tún dá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2024, torí gbogbo ìgbà tá a bá ní ilé kò gbọ́dọ̀ pọ̀ ní Garki, Lugbe àti Mararaba là ń lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí ni pé kí ìjọba jókòó lórí odindi àdúgbò kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n ka páìpù, kí wọ́n ka ilé ìwé, kí wọ́n wá sọ fún gbogbo onílé ibẹ̀ pé láti òní lọ ilé àjà mẹ́rin lẹ gba àṣẹ ẹ̀, ẹ san báyìí fún páìpù tuntun. Tí wọ́n bá ṣe ìyẹn, kálukú á mọ ibi tó dúró sí. Ohun tó ń ba ìlú jẹ́ ni kí ẹnìkan yí tiẹ̀ padà lónìí, kí ẹnìkejì yí tiẹ̀ lọ́la, láìsí ẹni tó ka àpapọ̀ ẹ̀.

Wọ́n ti gbìyànjú ohun tó fara jọ ọ́ ní 2025. Àwọn títì kan tí ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, bí Gana àti Usuma ní Maitama, Aminu Kano àti Adetokunbo Ademola ní Wuse II, Ladoke Akintola ní Garki II, Onitsha Crescent àti Ogbomosho Street ní Garki I, wọ́n ní kí àwọn onílé ibẹ̀ wá san mílíọ̀nù márùn-ún náírà láti yí iṣẹ́ ilẹ̀ wọn padà, kí wọ́n gba C of O tuntun ọdún 99. Mummy, tí ilé yín bá wà lórí irú títì bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lè ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ títì inú ni, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Kano
Ẹ̀yin ará Abuja, ẹ jẹ́ kí àwa tá a wà ní Sabon Gari náà sọ̀rọ̀. Oṣù kẹfà 2023 lójú wa níbí, ìjọba tuntun gbé katapílà jáde, wọ́n wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ilẹ̀ eré ẹṣin, àti ti Daula Hotel, àti ti pápá ìrun Ídì. Ìjọba ní ilẹ̀ aráàlú ni, kò yẹ kí wọ́n ti pín in. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní ìwé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn fi owó tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kó jọ kọ́ ọ ni. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ìlú, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ti ń lò ó fún tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò kẹ́ ẹ tó bèèrè iye tó jẹ́. Ilẹ̀ ilé ìwé, ilẹ̀ itẹ́ òkú, ilẹ̀ ìrun, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ì báà fọwọ́ sí i.

Kaduna náà ní àjọ plánì ìlú tiẹ̀, KASUPDA, ibí ní KNUPDA, òfin kálukú yàtọ̀. Ẹ má gba ìmọ̀ràn Kano lọ lò l'Abuja.

Àkítẹ́ẹ̀tì Gwarinpa
Kékeré ni tèmi. Ẹ rí i pé ẹni tó ya dírọ́ìn yín forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ARCON, àjọ tó ń forúkọ àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ti ẹnjiníà lábẹ́ COREN. Lábẹ́ òfin plánì 1992, ilẹ̀ ibùgbé tó bá lé ní hẹ́kítà méjì, tàbí ilé ọ́fíìsì tó bá lé ní àjà mẹ́rin, gbọ́dọ̀ ní ìwé EIA, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí ilé náà máa ṣe sí àyíká. Tiyín ò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ sanwó EIA, ẹ bi í léèrè ìdí ẹ̀. Tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí i, ọdún méjì lẹ ní láti bẹ̀rẹ̀, tó bá kọjá ìyẹn ẹ máa padà lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Nítorí náà ẹ má gbà á tí owó ò bá tíì sí.

Fúláàtì mẹ́jọ lórí 900 yẹn, lójú tèmi, ó há. Tẹ́ ẹ bá yọ àyè fẹ́ǹsì, tẹ́ ẹ yọ ibi tí mọ́tò mẹ́jọ máa dúró sí, ó kéré tán, ẹ máa rí i. Mẹ́fà dáa.

Ìyá Ìbejì Garki
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìdààmú ilé. Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín sétí àwọn ọmọ. Lálẹ́ àná a ṣí àpótí irin tí Dádì wọn máa ń kó ìwé sí, C of O wà nínú náílọ́ọ̀nù bó ṣe fi í sílẹ̀, Residential ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́, A01 wà lára nọ́mbà ẹ̀. Rìsíìtì ground rent tó kẹ́yìn tá a rí, 2019 ni. Kò sí ìwé ìhágún.

A ti sọ fún ajẹ́ǹtì yẹn pé kó máa lọ. Títì inú ni ilé wa, nítorí náà a ti yọ ọwọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Fúláàtì mẹ́fà ni àwọn ọmọ gbà báyìí, èyí obìnrin nínú àwọn ìbejì ní ká fi igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn sílẹ̀ níbi àyè fẹ́ǹsì, torí bàbá wọn ló gbìn ín. Àbúrò wọn tó wà ní Canada ti ní òun á fọwọ́ sí ohunkóhun tá a bá fi ránṣẹ́. Lọ́yà, ṣé mo lè wá rí yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè nítorí ìwé kọ́ọ̀tù yẹn?

Lọ́yà Jabi
Ẹ máa bọ̀, Ma, aago mẹ́wàá. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú Dádì dání, orijínà ẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí gbogbo àwọn ọmọ. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ yà ní AGIS kẹ́ ẹ bèèrè iye gbèsè ground rent láti 2020 títí di òní, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ má gba ti ẹnu.